Ìwé Ìrora Ọ̀sẹ̀ Méjìlá

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá Péńpé nílé iṣẹ́ ìránṣọ. Kì í ṣe sísọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń gé òwú. Sísọ́ọ̀sì agéṣọ ni, irin gidi, ó gùn tó apá ọmọdé láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kọ́kọ́ ba etí tábìlì, ó dún gbàgà, ó wá já sáàárín àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rìnlá tó ń kùn nínú yàrá náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Péńpé wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti tètè jáde lọ́jọ́ náà, ó sì yà láti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn, ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe di etí tábìlì mú, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi jókòó sórí àgékù aṣọ, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó.

"Ó tún ti dé o," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi jàre. Ìjókòó kúkú dùn ju ìdúró lọ," ni ẹlòmíràn fèsì. Àwọn mélòó kan rẹ́rìn-ín sínú.

Ìyá Olóbọ́tìnnì nìkan ló dìde, àgbàlagbà obìnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ó bu omi wá. "Mu díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ibo ló wà lónìí?"

"Bi mí níbi tí kò sí," ni ìyá Péńpé dáhùn. "Ìyẹn á tètè tán."

Ọ̀gá jáde láti yàrá rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù há etí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó dúró títí ìyá Péńpé fi mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà kẹrin rèé láàárín oṣù méjì. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Inú yàrá kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí wà nígbà tí ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rìnlá ló ń dúró de ohun tí ẹ bá gé. Bí ara ò bá yá, ẹ gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà. Bí mo bá rí ìwé, mo lè gbé àga gíga sídìí tábìlì yẹn, mo sì lè dín wákàtí yín kù. Mi ò lè ṣe é lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn tó kù á ní mò ń ṣojúsàájú. Mo fún yín di ìparí oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi ẹlòmíràn sídìí tábìlì."

Ohun tó bá Péńpé lọ́jọ́ náà kì í ṣe àánú. Ìtìjú ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Péńpé, àmọ́ etí rẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀rín tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló fi ṣíwájú ìyá rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà má baà mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni.

Ọdún méjì ni ìrora náà ti ń bá ìyá rẹ̀ gbé. Èjìká ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí agbára sísọ́ọ̀sì ti ń wá. Gbogbo èèyàn ní iṣẹ́ ló fà á, ó sì jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró sí èjìká. Ó gba ọrùn, ó sọ̀ sí ẹ̀yìn, ó dé ìbàdí, ó dé orúnkún, títí tí kò fi sí ibi tí kò yà sí. Nígbà tó yá, okùn báàgì lásán tó bá gbé kọ́ èjìká á máa dùn ún. Bí èèyàn bá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn láti kí i, á yọra. Bó sùn wákàtí mẹ́jọ, á jí bí ẹni tó ru ẹrù títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà mìíràn á dúró sáàárín yàrá, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò ní rántí ohun tó wá mú.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kan náà ló ń bọ̀: kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá Péńpé, obìnrin tó mọ gbogbo nǹkan tán àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, wá kí wọn lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀rọ ò rí i, dókítà ò rí i. Àìsàn tó jẹ́ ìwọ nìkan ló ń rí i, ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ ló sú ọ báyìí?" Bàbá Péńpé, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lóṣù, wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Péńpé létí, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí sísọ́ọ̀sì bọ́, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tuntun kan ni wọ́n bá, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kó tó ṣí ìwé àyẹ̀wò rárá ló ti ní, "Màámá, ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Ìyá Péńpé sọ ọ́. Dókítà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra tẹ èjìká rẹ̀, ó tẹ ọrùn, ó tẹ ìbàdí, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ojú ìyá Péńpé sì ń fún pọ̀ níbi gbogbo tí ìka bá bà.

"Ẹ gbọ́ mi," ni dókítà wí. "Ìrora dà bí ajá tí a fi ṣọ́lé. Bí olè bá dé, á gbó, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ajá tiyín ń gbó olè, ó ń gbó àlejò, ó ń gbó ewé tó já lulẹ̀. Kò sí olè nínú ilé, ìyẹn ni ẹ̀rọ ò fi rí nǹkan. Ṣùgbọ́n gbígbó yẹn, òótọ́ ni ẹ ń gbọ́ ọ."

Ìyá Péńpé fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé òótọ́ ni."

"Ṣé oògùn wà, mà?" ni Péńpé béèrè.

"Oògùn wà tó lè mú un rọlẹ̀. Mi ò mọ èyí tó máa pa á rẹ́. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ jù ni kéèyàn mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n máa jí lákòókò kan náà. Kí wọ́n sì sinmi kó tó rẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ìgbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n tán. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn mìíràn wà tó jọ èyí. Kí n tó fọwọ́ síwèé fún ibi iṣẹ́, mo fẹ́ rí bó ṣe ń ṣe wọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá."

Ó kọ oògùn fún wọn, ó sì mú ìwé kan jáde. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan. Àwòrán èèyàn méjì ló wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kọjú síni, èkejì kẹ̀yìn. Ibi tó bá ń dunni ni kí a fi pẹ́ńsù kùn. Lábẹ́ rẹ̀, kí a kọ bí ìrora náà ṣe tó, láti òdo dé mẹ́wàá, bí oorun ṣe rí, àti iṣẹ́ tí a ṣe.

"Ìwé lè mọ̀ mí o, èmi ni mi ò mọ̀wé," ni ìyá Péńpé wí, ó fẹ́ fi í ṣe àwàdà, àmọ́ ojú tì í. "Kíláàsì kẹta ni mo dé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi á kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára."

"Ṣé wàá lè ṣe é?" ni dókítà bi Péńpé.

"Mo lè ṣe é, mà."

Ó sì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò fo ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì, ìyá á máa sọ, ọmọ á máa kọ.

"Lónìí, àfi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sábẹ́ awọ mi."

"Níbo, Màámi?"

"Láti ibí. Rárá, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Kùn ún dáadáa, o kàn ń fi pẹ́ńsù tọ́ ọ wò ni."

"Mélòó nínú mẹ́wàá?"

"Ṣé ti òwúrọ̀ ni àbí ti ìsinsìnyí?"

"Màámi, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká kọ!"

"Ó dáa, kọ méje. Dúró ná. Mo gbé ìkòkò omi lánàá, lónìí mi ò lè gbé e. Kọ mẹ́jọ."

Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ọjọ́ tí ara bá rọrùn, ìlà kan ni: kò sí kíkùn, kọ ẹyọ kan tàbí méjì, ó tán. Ọjọ́ tí kò bá rọrùn, odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ tí kò rọrùn ló sì pọ̀.

Ìdánwò àṣejáde máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Àwọn márùn-ún kan nínú kíláàsì Péńpé ń péjọ nírọ̀lẹ́ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rédíò, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n ń kàwé níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bí wọ́n bá sì dé kíláàsì láàárọ̀, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ àná pa ara wọn lẹ́rìn-ín, Péńpé á máa wò wọ́n lẹ́nu.

"Ìwọ gan-an dà?" ni Rédíò bi í lọ́jọ́ kan. "Àbí ìwọ ti mọ ìṣirò ju olùkọ́ lọ ni?"

"Màámi ni. Mò ń bá wọn kọ ìwé ìrora."

"Ìwé kí ni?"

Péńpé ṣàlàyé. Rédíò gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó gbé ìwé kan lọ́wọ́ bí olùkọ́ tó fẹ́ pe orúkọ láàárọ̀, ó fún ojú pọ̀. "Èjìká!" Ó yí ohùn padà. "Mo wà níbí, sà!" "Orúnkún!" "Mo wà níbí, sà!" "Ìbàdí! Ìbàdí dà?" "Sà, ó ń bọ̀, ó ń tiro!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Péńpé náà rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ló tilẹ̀ pariwo jù.

"Kí lo ń yọ ara rẹ lẹ́nu sí?" ni Rédíò wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Ta ló máa kà á? Dókítà tó ń rí ọgọ́rùn-ún èèyàn lóòjọ́? Kọ ọ́ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o rántí ìwé ojú ọjọ́ tí olùkọ́ jọ́gíráfì ní ká máa kọ fún oṣù mẹ́ta? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ tèmi. Oòrùn, oòrùn, òjò, oòrùn. Mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá Péńpé àti Ìyá Olóbọ́tìnnì jáde lọ rìn, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí, láti ẹnu ọ̀nà dé òpin àdúgbò, kí wọ́n sì padà. Péńpé jókòó, ó ṣí ìwé náà sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ó fi gègé aláwọ̀ búlúù kọ ọjọ́ mẹ́ta, ó fi dúdú kọ méjì, kó má baà jọ ohun tí a kọ lójú kan. *Orúnkún díẹ̀. Mẹ́ta. Ó sùn.* *Kò sí ìrora. Ẹyọ kan. Ó sùn dáadáa.* Ó ń jẹ́ kí nọ́ńbà máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé irọ́ kọ́. Ìyá òun ló máa ń sọ àsọdùn, òun kàn ń dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀ ni. Inú dókítà á dùn pé oògùn ṣiṣẹ́, inú gbogbo èèyàn á dùn.

Ìrora ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò gba wákàtí kan.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá rẹ̀ ṣì ń jókòó nírọ̀lẹ́, ó ń sọ, ó ń tọ́ka. Péńpé á gbé ìwé mìíràn lé orúnkún lábẹ́ tábìlì, á máa mi orí, á máa ṣe ìṣirò sínú rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, á sáré lọ sílé Rédíò.

"Ṣé o kun ẹ̀yìn ọrùn?" ni ìyá rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo ti kùn ún, Màámi."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé mò ń gba àkókò rẹ."

Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ń ṣí ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kójú jọ. Nígbà tó yá, ó tújú ká.

"Màámá, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù àkọ́kọ́ le gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́ta, méjì, ẹyọ kan. Ẹ ń sùn. Bóyá kì í tilẹ̀ ṣe àìsàn ajá tó ń gbó láìsí olè tí mo rò."

Ìyá Péńpé la ẹnu. "Dókítà, ara mi ò..." Ó dúró. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú dókítà, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń fura. Ojú ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni. "Péńpé, ṣé bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Péńpé rí ọ̀rọ̀ méjì níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni òótọ́. Bó bá sọ ọ́, dókítà á mọ irú ọmọ tí òun jẹ́, ìyá òun náà á mọ̀, lójú ara wọn, nísinsìnyí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Ìyá rẹ̀ mi orí. "Ó dáa. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ pé ara mi ti yá."

Dókítà kọ̀wé sí ibi iṣẹ́: ara obìnrin yìí ti ń sàn, ó lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa dín oògùn náà kù títí yóò fi tán, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá ka ìwé náà, inú rẹ̀ dùn, ó fi í sínú fáìlì. Kò sí ìdí láti gbé àga kankan wá.

Ìyá Péńpé kò ráhùn mọ́. Kò sinmi láàárín iṣẹ́ mọ́, kò jáde lọ rìn mọ́. Bí Ìyá Olóbọ́tìnnì bá bi í pé ibo ló wà lónìí, á ní, "Kò sí níbì kankan. Ìwé ti sọ pé mo ti sàn." Nílé, á dédé máa bínú sí ara rẹ̀, á ní, "Ọ̀lẹ. Dìde níbẹ̀." Péńpé á gbọ́ ọ láti yàrá kejì, á fi ìwé bojú.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje, iṣẹ́ ńlá kan wọlé sílé iṣẹ́ ìránṣọ, aṣọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ìyá Péńpé dúró sídìí tábìlì láti aago méje àárọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti gé ogójì aṣọ, gbogbo wọn ló sì gé lórí ìlà tí kì í ṣe tiwọn: ibi tó yẹ kí ọrùn wà, ó gé e bí ẹni tó ń gé apá. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí aránṣọ àkọ́kọ́ fi gbé méjì pọ̀ tí wọn kò bára mu.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó mú ìwé dókítà jáde nínú fáìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní ìwé tó wà lọ́wọ́ mi sọ pé ara yín ò yá, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Eléyìí sọ pé ara yín yá. Kí ni kí n wá sọ?"

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi lè dìde dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Péńpé gbé tíì lọ fún un. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó létí ibùsùn, ó fẹ́ gbé apá wọ inú aṣọ, apá kò gòkè. Ó tún gbìyànjú. Ó wá fa ìrọ̀rí, ó fi di ẹnu ara rẹ̀, ó ké sínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Péńpé dúró, tíì ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń díbọ́n kì í fi ìrọ̀rí di ẹnu ara rẹ̀ nínú yàrá tí òun nìkan wà.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òun nìkan lọ sí ilé ìwòsàn. Ó jókòó láàárín àwọn aláìsàn fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó kàn án, ó dúró, kò jókòó.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lo kọ́kọ́ sọ fún?"

"Torí pé ẹ̀yin ò ní sunkún, mà."

Dókítà gbé awò náà sórí tábìlì. "Èmi náà jẹ̀bi. Ìyá rẹ la ẹnu níwájú mi, mo sì gbà kí ìwé sọ̀rọ̀ dípò wọn. Mú wọn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tèmi kò lè dípò tìrẹ."

Péńpé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì sọ ọ́. Kò fi Rédíò bojú. Kò ní ìdánwò ló fà á. Ìyá rẹ̀ ń wo àjà ilé títí ó fi parí.

"Nígbà náà," ni ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò sì le, "ó ń dùn mí lóòótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú. Láti oṣù karùn-ún, bó bá ti dùn mí, màá sọ fún ara mi pé irọ́ ni. Mò ń bú ara mi, Péńpé." Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, tí mò ń sọ, tí mò ń tọ́ka, tí o ń mi orí. Kí lo ń kọ?"

"Ìṣirò, mà."

Ìyá rẹ̀ rọra yí ara padà, ó kọjú sí ògiri. Péńpé ì bá fẹ́ kí wọ́n gbá òun létí. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ojú sì tì í pé ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà bẹ̀bẹ̀, ó sì fún wọn ní ìwé tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá Péńpé gba pẹ́ńsù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún wọn aṣọ kò ṣàì mọ nọ́ńbà, kò sì ṣàì mọ bí a ti ń kun àwòrán. Ohun tí wọ́n ní kí Péńpé ṣe kò ju kó jókòó, kó gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, dókítà fọwọ́ sí i pé ohun tí òun kọ́kọ́ rò náà ni, ajá tó ń gbó láìsí olè. Ó dá oògùn padà. Ìyá Péńpé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nírọ̀lẹ́. Ó kọ́ láti fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ nígbà tó ṣì lágbára, kó sinmi, kó tó padà sí i. Ìrora náà kò lọ. Àmọ́ mẹ́jọ di mẹ́fà, ọjọ́ mìíràn tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ mẹ́rin.

Péńpé mú ìwé tuntun tí dókítà fọwọ́ sí yẹn lọ fún ọ̀gá. Ó sọ ohun tó ṣe níwájú gbogbo àwọn aránṣọ. Ẹ̀rọ kan kò dún. Ìyá Olóbọ́tìnnì wolẹ̀.

Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ká ní èyí ni mo rí lóṣù karùn-ún," ló wí. Obìnrin mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nídìí tábìlì, ó ń ti sísọ́ọ̀sì. "Mo ti gba ẹlòmíràn. Òun náà lọ́mọ tó ń bọ́. Mi ò lè lé e."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé yìí, ìrora tí ẹ̀rọ kò rí kì í ṣe irọ́. Bí ẹnì kan nílé yín bá ní gbogbo ara ń dun òun, tí oorun kò sì ń mú un lára le, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sin ín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ kọ̀wé fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ohun tó sọ ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá yí i padà ti jí ohun tí kò lè dá padà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyá Péńpé fi gé aṣọ nílé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí òmíràn.